Ilé Tí Mo Mọ fún Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn. Ẹni tí ó bá jókòó sí ìbòòji, kí ó dìde kí ó bọ́ sínú oòrùn, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí a ń fi ara tútù gbọ́. Ẹni tí ó bá pọn ọmọ, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó fún un lọ́mú, kí ẹkún má baà já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tí kò bá sì ní í gbà mí gbọ́, kí ó kúkú ti ìsinsìnyí máa lọ sóko rẹ̀. A ó kí i kú abọ̀ nígbà tí ó bá dé.

Èmi Ọdẹ́yalé ni mò ń sọ̀rọ̀. Èmi tí ẹfọ̀n ń rí tí ó ń dágbére fún ìyàwó rẹ̀. Èmi tí ìkookò gbé ẹran wá bá nínú igbó, tí ó ní kí n jọ̀wọ́ kí n má bínú, pé òun kò mọ̀ pé ọ̀nà mi ni òun ti pa á. Ṣùgbọ́n n kò ní í sọ ti ẹran lónìí. Ilé ni mo fẹ́ sọ. Ilé, àti ìyàwó mi Àwẹ̀ró, àti iwin kan tí ó fi iná so gbogbo ìlú wa mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́.

Àdojúkòkè ni orúkọ ìlú tí wọ́n bí mi sí. Òkè kan dúró ní ìhà àríwá rẹ̀, orí òkè náà ni Ẹlẹ́yinná ń gbé. Iwin ni. Ó ga tó igi ìrókò, irun orí rẹ̀ ń rú èéfín, ojú rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n bí ẹyin iná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Láyé àwọn baba ńlá wa ni ó bá ìlú dá májẹ̀mú pé òun yóò máa fún wọn ní iná ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ dá iná fúnra wọn mọ́ láéláé. Ẹni tí ó bá fi irin gbá òkúta, ọ̀tá òun ni. Ẹni tí ó bá fi igi ra igi títí tí ó fi rú èéfín, ọ̀tá òun ni. Àwọn baba wa wò ó pé wàhálà ti dínkù, wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Wọ́n gbọ́ òwe yẹn, wọ́n rò pé ará ìlú kejì ni a ń pa á fún.

Bí oòrùn bá ti ń lọ wọ̀, ẹ ó rí i tí iná yóò máa fò bọ̀ láti orí òkè bí agbo ẹyẹ pupa. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ihò kan níwájú òrùlé rẹ̀, ẹnu-iná ni à ń pè é. Ẹyẹ iná kan á gba ẹnu-iná kan wọlé, á bà sínú ààrò, ọbẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo wọn á tún fò padà, wọn kì í fi ẹyọ ẹyin iná kan sílẹ̀.

Nítorí àwọn ẹyẹ yìí ni a ṣe ń kọ́ ilé bí a ti ń kọ́ ọ. Gbogbo ilé Àdojúkòkè ló kọjú sí òkè. Kò sí fèrèsé ní ìhà tí oòrùn ti ń yọ, kò sí ní ìhà tí ó ń wọ̀ sí, nítorí Ẹlẹ́yinná ti sọ pé ilé tí ó bá la ojú sí oòrùn, òun kò mọ̀ ọ́n rí. Kò sí àgbàlá. Ẹnu ọ̀nà kúkurú kan ni a ń rá wọ̀ bí òkété. Bí baba ṣe kọ́ tirẹ̀ ni ọmọ ń kọ́ tirẹ̀, ilé wa sì jọra bí kóró inú ata. Ní ọjọ́ kan mo ti igbó ọdẹ dé, mo rá wọlé, mo jókòó, mo jẹ iyán tán, mo mu omi, kí n tó rí i pé obìnrin tí ó gbé e fún mi kì í ṣe ìyàwó mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ọkọ obìnrin náà wà nínú ilé tèmi lákòókò yẹn gan-an, ó ń jẹ ẹran ìgalà mi.

Ó pẹ́ kí èmi àti Àwẹ̀ró tó rí ọmọ bí. Nígbà tí Ọlọ́run dá wa lóhùn, àárín ọyẹ́ ni ó bọ́ sí, ọyẹ́ tí ó ń la ètè, tí ó ń mú kí omi inú àmù máa ta ni léyín. Obìnrin ni ọmọ náà, a sọ ọ́ ní Ọdẹ́bùnmi. Ó kéré bí ọmọ ẹyẹlé. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ohùn tí ó fi ń sunkún kò ju ti eku inú àjà lọ. Ọ̀sán ló burú jù, nítorí pé iná ti fò lọ, inú ilé wa sì ṣókùnkùn bí inú àpò ọdẹ. Àwẹ̀ró á tẹ ọmọ mọ́ àyà, á máa fẹ́ èémí gbígbóná sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀. Bí mo bá ní kí ó sinmi, á ní, “Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ díẹ̀ sí i.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Àwẹ̀ró mú irin tí mo fi ń yan ẹran, ó fi gún ògiri tí ó wà ní ìhà ìlà oòrùn. Ó gún un títí ó fi lu jáde. Oòrùn gba inú ihò náà wọlé, tín-ín-rín bí òwú, ó bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ. Ọmọ ká ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, ó tún nà án, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ láyé nìyẹn. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti rí ibi tí ẹkùn méjì ti ń bá ara wọn ṣe àwàdà, kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a dúró dúró, ẹyẹ iná kò wá. Kò wá sí ilé wa, kò sì wá sí ilé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Baálẹ̀ wa, Láwóyìn, rá wọlé tọ̀ wá wá. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìlú ti dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ní, “Ọdẹ́yalé, ta ni ó lu ògiri yìí?”

Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí n dáhùn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Èmi ni, Bàbá. Ara ọmọ mi ló tutù.”

Baálẹ̀ wo ọmọ náà títí. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi wọ ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì bí ìbọ̀sẹ̀. Ó wá ní, “Ìyàwó, n kò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ọmọ gbogbo ìlú ló ń gbọ̀n báyìí. Ẹ dí ihò náà.”

A dí i. Ẹyẹ kò wá. Baálẹ̀ wá ní kí èmi tí n kì í bẹ̀rù iwin gun òkè lọ, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ẹlẹ́yinná. Mo gbé ọrun mi kọ́. Àwẹ̀ró sìn mí dé ẹ̀yìn ìlú, ó sì dì mí lọ́wọ́ mú.

“Bàbá Bùnmi,” ó ní, “bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́, yóò fún wa. Lọ́dún mìíràn, ẹlòmíràn yóò tún lọ bẹ̀ ẹ́. Oòrùn tí ó wọlé wá bá ọmọ wa níjọ́sí, ta ni a bẹ̀ kí ó tó wọlé? Ẹ wá àwọn tí ó ń bá oòrùn gbé lọ. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́lé.”

Mo ní, “Kí n tó dé ńkọ́? Ta ni yóò máa mú ara ọmọ móoru?”

Ó ní, “Àyà mi ni. Bí ó bá sì rẹ̀ mí, àwọn obìnrin àdúgbò ti ní àwọn yóò máa gbà á, láti àyà kan bọ́ sí àyà kejì. Ẹ sáà má pẹ́.”

Bí mo ṣe rìn kò kàn yín. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, n kò fi orí rìn. Ibi tí ó kàn yín ni Igbó Agbọ̀nrìrì.

Iwin inú igbó yẹn pọ̀ bí eṣú, gbogbo wọn ló sì ń gbọ̀n. Eyín wọn ń lura wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ewé igi fi ń já. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n ya bò mí. Wọ́n ń ké pé, “Ẹ jẹ́ kí a fi ọrun rẹ̀ dáná kí a yá a! Ẹ jẹ́ kí a bọ́ ẹ̀wù rẹ̀!” Olórí wọn jáde wá, iwin onírùngbọ̀n kan tí ó fi awọ ẹran bora lórí awọ ẹran, títí ó fi dàbí òkìtì. Ó ní, “Bí o bá mọ àlọ́ mi, a ó fi ọ́ sílẹ̀. Kí ni ó ń mú aṣọ ọba gbẹ, tí ó ń mú aṣọ ìwọ̀fà gbẹ, tí kì í béèrè èyí tí ó dára jù?”

Ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró ṣì wà létí mi. Mo ní, “Oòrùn ni.”

Ariwo sọ. Olórí iwin náà ní, “Orúkọ tí àwọn baba wa sọ fún wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n a kò rí i rí.”

Mo wò ó. Mo wo iwájú. Pápá gbalasa wà níbẹ̀, kò jìnnà ju ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé, oòrùn sì tàn sí i yòò. Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ kò bọ́ sí ọ̀hún?”

Ó ní, “Baba wa ní ibi tí wọ́n bá bí iwin sí ni kí ó ti gbọ̀n.”

Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rántí ìlú tèmi. Ni mo bá dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Mo ń fà á, ó ń ta kú, mo ń tù ú nínú, títí a fi bọ́ sí pápá. Awọ tí ó bò ó já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbígbọ̀n rẹ̀ dúró. Igbó náà pa rọ́rọ́, nítorí pé gbogbo wọn ń wò ó. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó ní, “Hẹn-ẹ́n,” bẹ́ẹ̀ ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀nà hàn mí.

Ọ̀nà náà gba Ìlú Alábẹ̀bẹ̀ kọjá. Bí mo ṣe wọ ìlú yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó kí mi káàbọ̀, wọ́n ti fi abẹ̀bẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Òkúta dídán ni wọ́n fi kọ́ ilé wọn, ó ga, ilé gun ilé lórí, kò sì sí ihò kan lára rẹ̀ tí kòkòrò lè gbà. Inú rẹ̀ gbóná bí inú ìkòkò èkọ. Nítorí náà, ìdajì ìlú ni ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún ìdajì kejì. Bí ó bá yá, wọ́n á pààrọ̀. Kò sí ẹni tí ó ráyè hun aṣọ, kò sí ẹni tí ó ráyè gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin sísanra kan ni wọ́n ní kí n máa fẹ́. Nígbà tí apá ro mí, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe lu fèrèsé sára ògiri yìí?”

Ó ya ẹnu. “Fèrèsé kẹ̀? Kí afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ wa lè ráyè sá jáde?”

Sùúrù mi tán. Mo fa ọrun. Ẹ mọ ọfà mi, ọfà tí ó gba àárín ìwo ẹfọ̀n kọjá tí kò ha irun orí rẹ̀! Ó la ògiri, ó jáde. Mo ta òmíràn sí ògiri tí ó dojú kọ ọ́, òun náà jáde. Atẹ́gùn láti ìta gba ti ibí wọlé, ó gba ti ọ̀hún lọ. Ọkùnrin sísanra yẹn ní kí òun dúpẹ́, oorun ti gbé e lọ. Àwọn tí ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn bí ohun àjèjì. Obìnrin kan wá fi ọwọ́ tirẹ̀ fa ọmọbìnrin rẹ̀ mọ́ àárín ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di irun fún un. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mú ohun kan lọ: ihò kan kò tó fún atẹ́gùn, ó fẹ́ ibi tí yóò gbà wọlé, ó sì fẹ́ ibi tí yóò gbà jáde.

Ìlú Ojúmọ́ ni mo dé lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni mo sì ti bá Ìyá Ògiri pàdé. Ògiri ni mo wí o, kì í ṣe ògìrì tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Kò sí ilé méjì tí ó jọra nínú ìlú náà. Ilé arúgbó kan la ojú sí ìlà oòrùn, nítorí pé orúnkún rẹ̀ máa ń dùn ún láàárọ̀. Ilé ẹlẹ́mu kan yí ẹ̀yìn sí i, nítorí kì í fẹ́ kí wọ́n tètè jí òun. Gbogbo wọn ní ojú ọ̀run láàárín, ìyẹn àgbàlá tí a kò bò lórí, oòrùn ń bọ́ síbẹ̀, àwọn ọmọ ń rá kiri nínú rẹ̀. Ìyá Ògiri, ìyá àgbà kan, ń po amọ̀ létí ọ̀nà, amọ̀ mù ún dé orúnkún.

Ó ní, “Kí ni iṣẹ́ rẹ?”

Mo wú àyà, mo ní, “Ìyá mi, èmi ni ọdẹ tí ẹfọ̀n ń rí tí ó ń…”

Ó da amọ̀ sí mi lẹ́nu. “Iṣẹ́ rẹ ni mo béèrè, n kò ní kí o ki ara rẹ. Kí ni o wá ṣe?”

Mo nu ẹnu. Mo sọ ti ọmọ tí ó tutù fún un, mo sọ ti ihò tín-ín-rín àti ẹyẹ iná. Mo ní mo fẹ́ mọ bí a ti ń kọ́ ilé tí kì í tutù.

“Ta ni yóò gbé inú rẹ̀?”

“Ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, àti ọmọ wa.”

“Bí Àwẹ̀ró bá sùn, ọ̀tún ni ó ń fi lélẹ̀ ni, tàbí òsì?”

Ìbéèrè yẹn yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò ronú kí n tó dáhùn. “Òsì ni, Ìyá. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń wá mi kí oorun tó gbé e lọ. Bí mo bá wà nígbó, wọ́n ní aṣọ mi ni ó máa ń dì mú.”

“Níbo ni ó ń jókòó bí nǹkan bá ń dùn ún lọ́kàn?”

“Ẹ̀yìn ilé, lórí ọlọ tí ó ti fọ́. Kò sí àyè nínú ilé tí ojú ti lè ríran.”

“Bí ó bá jí, kí ni ó kọ́kọ́ ń ṣe?”

“Kì í mira. Ó ń tẹ́tí bóyá ọmọ ń mí.” Mo ní, “Èmi náà sì máa ń dákẹ́, mò ń tẹ́tí bóyá òun ń mí.”

Ìyá Ògiri dá amọ̀ pípò dúró. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, “Bọ́ bàtà rẹ. O ti mọ èyí tí ó le jù nínú ilé kíkọ́. Amọ̀ ló kù.”

Bẹ́ẹ̀ ni èmi Ọdẹ́yalé, ẹ̀rù àwọn ẹranko, ṣe di ẹni tí ń po amọ̀ bí ọmọ tí ń ṣeré nínú òjò. Ó kọ́ mi pé ògiri gbọdọ̀ nípọn. Ó ní, “Ògiri tí ó dára, bí ọmú ni. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń mu oòrùn lọ́sàn-án, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fún onílé mu bí ilẹ̀ bá ṣú.” Ó fi hàn mí pé oòrùn ọyẹ́ máa ń tẹ̀ sí gúúsù, kì í ga, nítorí náà ẹni tí ó bá la ojú ilé síbẹ̀ yóò rí i wọlé, bí ìgbà ooru bá sì dé tí oòrùn gun àtàrí, kí òrùlé gùn jáde kí ó dà á dúró sí ìta. Mo ní, “Iná ọbẹ̀ ńkọ́?” Ó fi òkúta àti irin lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbá a. Iná ṣẹ́ yọ sínú òwú gbígbẹ. Ó ní, “Èyí kì í fò lọ láàárọ̀. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi ká lọ, kí ó wá kọ́ ilé fún gbogbo wa. Ó mi orí. “Ilé tí àlejò bá wá mọ fún yín, àlejò náà ni yóò máa pàṣẹ níbẹ̀. Iná yín ti jẹ́ ti ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀, má jẹ́ kí amọ̀ yín náà jẹ́ tèmi. Máa lọ. Ọmọ ń dúró dè ọ́.”

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nígbà tí mo rá wọ ilé wa, àwọn obìnrin tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú òkùnkùn, wọ́n fara ti ara wọn. Ọmọ mi wà láyà ìyá Baálẹ̀, arúgbó tí ọmú rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́, ó ń kọrin sí i létí. Ọmọ náà ń mí. Àwẹ̀ró gbé ojú sókè. Ó ti rù.

“Ṣé ẹ rí wọn?” ó ní.

“Mo rí wọn.”

“Wọ́n ha kọ́ yín?”

Mo na ẹsẹ̀ mi tí amọ̀ gbẹ mọ́ sí i kí ó rí i. Ó fi ọwọ́ ra á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ọkọ́ láti wó ògiri, ìlú pé lé mi lórí. Wọ́n ní, “A rán ọ lọ bẹ̀bẹ̀, o gbé amọ̀ dé!” Àwọn kan fẹ́ gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Baálẹ̀ Láwóyìn ni ó dá wọn lẹ́kun. Ó ní, “Iná ti lọ ná. Kí ni ó tún kù tí a fẹ́ pàdánù? Ẹ jẹ́ kí ó mọ ẹyọ kan kí a wò ó.” Òun fúnra rẹ̀ ká ṣòkòtò sókè, ó bọ́ sínú amọ̀. Àwọn obìnrin ń pọn omi. Àwẹ̀ró ni ó ń darí wa, nítorí ilé tirẹ̀ ni: ó ní kí ibùsùn wà níbi tí ògiri ti máa ń mu oòrùn jù, kí pèpéle sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀run, níbi tí òun lè jókòó sí bí nǹkan bá ń dun òun lọ́kàn. A yí ẹ̀yìn sí òkè. A kò dá ẹnu-iná sí òrùlé rárá.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí ògiri gbẹ, Àwẹ̀ró tú ìborùn lára ọmọ. Ó tú aṣọ kejì. Ọmọ sùn ní ìhòòhò bí a ti bí i, ó tẹ ẹ̀yìn mọ́ ògiri, kò gbọ̀n. Àwọn aládùúgbò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ̀yìn tì í láti ìta bí ewúrẹ́.

Ẹlẹ́yinná gbọ́. Ní ọ̀sán gangan ni ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ilẹ̀ ń mì. Kò wo ti ẹnu ọ̀nà, ó ti ojú ọ̀run àárín ilé ki orí bọlé, irun rẹ̀ ń rú èéfín, ó bú ramúramù: “TA NI Ó FÚN YÍN NÍ INÁ?”

Mo ti fa ọrun. Ẹ jẹ́rìí mi, mo ti fà á dé etí! Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró gbé ìka sí ètè, ó ní, “Bàbá, ẹ rọra. Ọmọ ń sùn.”

Iwin náà wo ibi tí ọmọ wà. Kò sí ẹni tí ó ti bá a sọ̀rọ̀ báyìí rí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ta ni ó fún yín ní iná?”

“Kò sí ẹni tó fún wa, Bàbá. Ẹ fọwọ́ kan ògiri.”

Ó na ìka kan, ó fi kàn án. “Ó gbóná. Ẹyẹ mi wà nínú rẹ̀!”

“Kò sí ẹyẹ níbẹ̀. Oòrùn àárọ̀ ni.”

“Èmi yóò gba oòrùn náà!” Ó gbójú sókè, ó fẹ́ èéfín dúdú sí ojú ọ̀run títí tí àyà rẹ̀ fi ń lọ sókè sódò. Atẹ́gùn gbá èéfín náà lọ sí apá ibì kan. Oòrùn wà níbi tí ó wà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ta ni ó lè fi ọgbà yí i ká?

Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ìbínú ti kúrò nínú rẹ̀. “Láti ayé àwọn baba yín ni mo ti ń wọ gbogbo ilé ìlú yìí. Kò sí èyí tí wọ́n ti ní kí n jókòó rí.”

Àwẹ̀ró dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Òrùlé ni ẹ ń gbà wọlé, Bàbá. Ẹni tí ó gba òrùlé wọlé, báwo ni a ó ṣe gbé àga fún un? Ẹnu ọ̀nà wà lọ́hùn-ún.”

Ó wo ẹnu ọ̀nà náà bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ó yí padà, ó gun òkè rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, òkè ṣókùnkùn.

Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wó, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í mọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Baálẹ̀ kọ́ tirẹ̀ ní pèpéle gígùn, nítorí ó fẹ́ràn àlejò. Opó kan tí ó ń ta aró la ojú tirẹ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti lè tètè mú aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ọkọ obìnrin tí ó fún mi níyán kọ́ tirẹ̀ ní róbótó, ó ní kí ó lè dá mi lójú. Irin ń gbá òkúta ní gbogbo àdúgbò, oníkálùkù ń dá iná tirẹ̀. Síbẹ̀ bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ẹ ó rí àwọn àgbàlagbà tí wọn yóò gbójú wo òkè dúdú náà.

Ọyẹ́ mìíràn dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ń gbálẹ̀ àgbàlá, mò ń tún okùn ọrun mi ṣe, Ọdẹ́bùnmi ń di pèpéle mú kọ́ ìrìn. A gbọ́ ẹsẹ̀ lóde. Ẹsẹ̀ náà wá, ó dúró, ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún wá. Ohùn kan, ohùn rírẹlẹ̀ tí kò mọ bí a ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ní:

“Àgò o.”

Mo yọjú. Ẹlẹ́yinná ni. Ó ti sún ara rẹ̀ kì títí tí kò fi ju baba arúgbó kan lọ, irun rẹ̀ funfun bí eérú, kò rú èéfín mọ́. Ó dúró níwájú ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì so mọ́ ara wọn lẹ́yìn bí ti ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́.

Mo wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí oòrùn ti pọ̀ jù.

“Àgò yà,” ó ní. “Ẹ wọlé, Bàbá.”

Ó tẹ orí ba kí ó má baà gbá àtẹ́rígbà, ó wọlé, ó ní, “Ẹ kú ilé o.”

Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá ìtàn náà dé nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Oòrùn ti kúrò níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín, ẹ sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé.